Òpópónà Kan ní Yábàá: Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Tó Yẹ Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé Lóde Òní

Iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé, láti ọjọ́ tó ti pẹ́, dá lórí ohun mẹ́ta: kíkó ìwé jọ, ṣíṣe àpèjúwe ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń wá a lè rí i, àti pípa ìwé náà mọ́ kí ọmọ tí wọn kò tíì bí lè bá a níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mú ọ̀kankan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó ti yí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n padà, ó ti yí ìrísí ìwé fúnra rẹ̀ padà, ó sì ti mú kí òǹkàwé tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Mùṣín máa retí pé kí ìwé tó wà ní Akọ́kà wá bá òun nínú fóònù.

Ojú òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá ni ọ̀ràn yìí ti hàn kedere jù. Òpópónà yìí ni Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ẹ̀ka rẹ̀ ti Èkó sí, ilé iṣẹ́ tí òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1964, tí òfin sì fún láṣẹ láti gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè yìí, òun náà ló sì ń pín nọ́ńbà ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì jákèjádò ayé. Òpópónà yìí kan náà ni CcHUB, ibùdó àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣẹ̀dá ètò orí kọ̀ǹpútà, ṣí ilẹ̀kùn sí ní ọdún 2011, tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ sì yà síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, àti Yaba College of Technology tó ti wà láti 1947 kò jìnnà sí ibẹ̀. Ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe áàpù láìwọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀ láti ilé kan sí èkejì.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní láti sọ ni pé, nínú gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń ka sílẹ̀ fún olùtọ́jú ilé ìkàwé, èyí tó ṣe kókó jù ní ìhà Mainland Èkó ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe ìwé fún ẹ̀rọ ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, nítorí pé kò sí ará òkèèrè kan tí yóò bá Yorùbá ṣe é. Àwọn ìmọ̀ yòókù ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀.

Ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe wọ ilé ìkàwé Nàìjíríà ní ẹ̀kọ́ nínú. Kí ó tó dé, káàdì pélébé ni wọ́n ń lò, tí wọ́n tò sínú dúrọ́ọ̀ kéékèèké, ìwé kan sì lè ní káàdì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọ̀kan fún àkọlé rẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó dá lé. Ní àwọn ọdún 1990, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NUC, lo owó tí ìjọba àpapọ̀ yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti pín ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ TINLIB fún àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀rọ dé, dísíìkì dé, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó lè tún un ṣe nígbà tó bá dẹnu kọlẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn tó ṣe é sì jìnnà réré, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ṣe pa á tì, tí wọ́n padà sídìí káàdì tàbí kí wọ́n tún lọ wá òmíràn. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó kọ́ ẹni tí yóò lò ó, ìwà yìí kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní.

Ọ̀kan lára àwọn ètò tó gbòde báyìí ni Koha, tí ilé ìkàwé kékeré kan ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní ọdún 2000, tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí ẹ̀bùn ní èdè àwọn Maori tó ni ilẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, kó lò ó, kó sì tún un ṣe, nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń sọ yìí, owó rírà ni kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ: ẹnì kan ní láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó ń pèsè fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kí ó máa ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn lójoojúmọ́, kí ó sì lè ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń sọ nígbà tó bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kò pọn dandan kí olùtọ́jú ilé ìkàwé di ẹnjiníà. Ó tó kí ó mọ iṣẹ́ náà dé ibi tí ẹnjiníà kò fi ní lè purọ́ fún un.

Ṣíṣe àpèjúwe ìwé ni ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, obìnrin kan tó ń jẹ́ Henriette Avram, ní Library of Congress ní Washington, darí iṣẹ́ tó bí MARC, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń tú àlàyé ìwé palẹ̀ sí apá apá kí ẹ̀rọ lè kà á, tí apá kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀: 100 fún ẹni tó kọ ìwé, 245 fún àkọlé, 650 fún ohun tí ìwé dá lé. Orí MARC yìí ni Koha àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn dúró lé. Bí ìwé bá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní London tàbí New York, ó ṣeé ṣe kí àpèjúwe rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Akọ́kà kò ní ṣe ju kí ó fà á wọlé lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú tàbí Ìbàdàn ńkọ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì kọ ọ́ ní àìdáa, bẹ́ẹ̀ náà ni ayé yóò ṣe bá a.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ. Bí òǹkàwé bá tẹ “oko” láìsí àmì kankan, ó lè jẹ́ oko tí àgbẹ̀ ń ro ni ó ń wá, ó lè jẹ́ ọkọ tí ìyàwó fẹ́, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí ó ń rìn lójú pópó tàbí lójú omi, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Kátálọ́ọ̀gù tí kò ní àmì yóò da gbogbo wọn sínú agbada kan. Èyí tó ní àmì nìkan, tí kò sì ní àkọlé aláìlámì lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sọ fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù pé kò sí ìwé kankan. Ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú MARC fúnra rẹ̀, nítorí pé apá 246 wà fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí àkọlé kan lè gbà hàn, tí olùtọ́jú ilé ìkàwé fi lè kọ àkọlé pẹ̀lú àmì sí ibi tó yẹ ẹ́, kí ó sì kọ ọ́ láìlámì síbi kejì. Ìṣẹ́jú kan ni iṣẹ́ náà ń gbà.

Lábẹ́ èyí ni ọ̀ràn kan tún wà tí ojú kì í rí. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà gbogbo, Unicode sì ni ìlànà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí nípa nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkópọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àmì ohùn lé orí lẹ́tà kí ó tó fi àmì sí abẹ́, àti ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àmì sí abẹ́, ohun kan náà ni ojú ènìyàn yóò rí, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, bí ètò kọ̀ǹpútà náà kò bá sì ní ìlànà tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Àwọn fáìlì àtijọ́ tilẹ̀ burú ju èyí lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé lo fọ́ǹtì tí wọ́n fi ọwọ́ yí padà, tí àmì kan tí kò jọ Yorùbá rárá fi ń hàn bí ọ lójú ìwé, tó sì ń di wúruwùru ní kété tó bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà. Láti ọdún 1875 tí àwọn aṣáájú ìjọ ti pàdé ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí àmì ti wà. Ẹ̀rọ kàn jókòó lé orí rẹ̀ ni.

Orúkọ ènìyàn náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú yìí. Àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ David Brown Vincent, tó sì sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Agbebi ní ọdún 1894, láti fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ yìí lòun. Ìwé tó kọ ṣáájú ọdún náà ń jẹ́ orúkọ kan, èyí tó kọ lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ òmíràn. Ohun tí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ń pè ní fáìlì orúkọ àṣẹ ni àkọsílẹ̀ tó ń so irú orúkọ méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ènìyàn kan, kí ẹni tó wá Vincent lè bá Agbebi pàdé. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ ìtàn Èkó ló lè sọ fún un.

Nígbà tí àpèjúwe bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni sísọ ìwé àtijọ́ di ti orí kọ̀ǹpútà tó ní ìtumọ̀. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, tó sì gbé àwọn lẹ́tà ìtàn àròsọ tí wọ́n fi orúkọ Sẹ̀gilọlá kọ jáde láàárín 1929 àti 1930, jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó wà nínú ewu, nítorí pé bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn nígbà náà ní ásíìdì nínú, tó ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú tó sì ń mú un rún bí àkàrà gbígbẹ. Olùtọ́jú ilé ìkàwé tó fẹ́ gbà á là ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń lo sìkánà láìfa ìwé ya, kí ó mọ̀ pé fáìlì TIFF ni wọ́n ń fi pamọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ nígbà tí PDF jẹ́ ti òǹkàwé, kí ó sì sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ní ọjọ́ àti ojú ewé nínú, dípò nọ́ńbà tí sìkánà fún un. Òfin ẹ̀tọ́ oníwèé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tó ti gbó ni ẹnikẹ́ni lè kàn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwòrán ojú ewé nìkan kò sì tó. Sùúrùlérè ni Pacelli wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè lo NVDA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Bí wọ́n bá fún NVDA ní fáìlì tó jẹ́ àwòrán lásán, yóò dákẹ́ lọ gbári. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti sọ àwòrán náà di ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn sì mọ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, ó lè ka ṣ sí s, kí ó fo àmì ohùn kọjá, tí àtúnṣe ọwọ́ fi di dandan. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Marrakesh ní 2017, èyí tó fàyè gba ilé ìkàwé láti sọ ìwé di èyí tí afọ́jú lè kà láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àṣẹ ti wà nílẹ̀, ọwọ́ tí yóò ṣe é ló kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọmọdé ni wíwá ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà ni Patrick Sawyer bá bàálù wọ Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Yàrá àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà ní ìhà Mùṣín, ló kọ́kọ́ rí àmì àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá sì ni wọ́n ti tọ́jú àwọn tó kó o. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 nínú wọn sì kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Ní Làìbéríà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Bernice Dahn, ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ìjọba Làìbéríà, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn New York Times pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àròkọ kan tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Jámánì ti tẹ̀ jáde ní 1982, tó sọ gbangba pé ó yẹ kí wọ́n ka Làìbéríà mọ́ ilẹ̀ tí Ebola wà. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti tẹ àròkọ náà, dọ́là 45 ni wọ́n sì ní kí ẹni tó fẹ́ gba irú rẹ̀ san, èyí tó súnmọ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan fún dókítà ní Làìbéríà.

Ọdún 32 ni ìkìlọ̀ náà fi wà níbì kan tí ojú kò tó o. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kíkà á ìbá dí àrùn náà lọ́nà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn gan-an ni láti mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má sọnù mọ́ àwọn tó nílò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní láti mọ Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn òǹtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2002 kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó lè ka ìwé ìmọ̀ ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú, tí Nàìjíríà náà sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ó ní láti mọ PubMed, kátálọ́ọ̀gù ìmọ̀ ìṣègùn tí ó ní ọ̀rọ̀ àyànfẹ́ tirẹ̀ fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ó lè tọ́ dókítà tó tẹ “ibà” sọ́nà sí orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀, kí ó sì mọ̀ pé AND láàárín ọ̀rọ̀ méjì ń dín èsì kù nígbà tí OR ń fi kún un. Ó ní láti mọ ibi tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì, títí kan ti Akọ́kà, ti ní àpò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wọn sí kí ayé lè kà á láìsanwó. Olùkọ́ tí kò bá fi iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ ń fi ìkìlọ̀ tirẹ̀ náà pamọ́ síbi tí ojú kò tó.

Òye àtọwọ́dá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AI, ti wá fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé orúkọ àròkọ wá sí ilé ìkàwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí: ẹni tí wọ́n dárúkọ wà láyé, ìwé àtìgbàdégbà náà wà, ṣùgbọ́n àròkọ gan-an kò sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀rọ̀ mu ni ẹ̀rọ náà ń tò, kò kọ́kọ́ lọ wo orí pẹpẹ. Nọ́ńbà DOI, tí wọ́n fi ń dá àròkọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùtọ́jú ilé ìkàwé kọ́ wọn láti yẹ̀ wò. Ó tún yẹ kí ó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé orúkọ àwọn tó yá ìwé àti ìwé tí wọ́n yá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Bí AI sì ṣe ń ṣi Yorùbá kọ, tó ń ju àmì sí ibi tó wù ú, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fi kọ́ èdè náà, ohun tó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì rẹ̀ kò pé.

Nípa iná mànàmáná, kò sí ohun tuntun láti sọ fún ará Mùṣín. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè lọ bí iná ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, MainOne tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Èkó wà lára wọn, iṣẹ́ báńkì pàápàá sì dojú rú. Ilé ìkàwé tó ní ẹ̀dà ohun tí àwọn ènìyàn ń kà jù lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, irú èyí tí ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Kiwix ń pèsè, lè máa bá iṣẹ́ lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Owó nìkan kọ́ ló sì ń dáàbò boni: ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library ní London, tó fi jẹ́ pé oṣù kìíní 2024 ni kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ tó padà sórí ayélujára. Ẹ̀dà mẹ́ta, níbi tó yàtọ̀ síra, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń dán wọn wò déédéé, ni ìmọ̀ràn tó tọ́ jù tí wọ́n lè fún ilé ìkàwé kékeré ní Sùúrùlérè.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù fún àwọn tó ń ṣètò ìnáwó ilé ìkàwé ní ìhà Mainland: nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ké sí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ètò kọ̀ǹpútà ní òpópónà Herbert Macaulay kí wọ́n wá jókòó ti àwọn tó mọ ìwé. Kí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé fúnra wọn má sì dúró de owó náà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìwé Yorùbá tó wà lórí pẹpẹ wọn, kí wọ́n kọ àkọlé wọn pẹ̀lú àmì tó pé sí apá 245, kí wọ́n sì kọ ti aláìlámì sí 246.